Ọjọ́ Tí Mo Lọ Tọrọ Ike

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí àpò mi tó kún. Oòrùn á mú, àwọn èrò Ṣàngó Toll Gate á mu píọ̀ wọ́tà, wọn á ju ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀, èmi á sì ṣà á fún títà. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, torí mo máa ń tijú.

Bí òjò bá dé, àwọn ará àdúgbò wa á gbé bàsíà sábẹ́ òrùlé, wọn ò ní ra omi mọ́. Ìwọ̀nba ọ̀rá tó bá bọ́ sílẹ̀, àgbàrá á gbé e lọ. Ní òjò èṣí, ọ̀gá tó ń ra ọ̀rá àti ike lọ́wọ́ wa ní, “Àǹtí, bí àpò yìí ò bá kún títí Sátidé, ẹlòmíì ni màá fún láyè ẹ.” Abẹ́ páànù ọgbà wọn ni àyè náà wà, òjò kì í dé ibẹ̀. Mi ò ní ibòmíì tí mo lè kó ẹrù mi sí.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ sí ẹ̀sítéètì tó wà lọ́nà Iyana Iyesi. “Inú ike ni olówó ti ń mu omi, òjò ń rọ̀ ni o, oòrùn ń ràn ni o. Ìwọ ṣáà lanu kó o tọrọ ẹ̀.”

Mò ń ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sínú títí mo fi dé ẹnu géètì kan. Màdáámù ilé náà ló ṣílẹ̀kùn.

“Ìwọ ni ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n rán wá? O pẹ́ o. Wọlé.”

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Nígbà tí màá fi dìde, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.

Mo gbálẹ̀. Mo fọ abọ́. Wọ́n ní kí n da ìrẹsì àná nù. Ó tó gbogbo ilé wa jẹ. Òjò ń rọ̀ níta, àwọn ọmọ wọn ń mu omi fíríìjì. Wọ́n á mu ike kan dé ìdajì, wọ́n á ṣí òmíràn. Mò ń wo àwọn ike náà bí ẹni ń wo ẹran lórí iná.

Nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan gbé báàgì dé, ó ní òun ni wọ́n rán wá. Màdáámù wò ó, wọ́n wò mí.

“Ìwọ wá ńkọ́?”

“Ike ni mo wá tọrọ, mà.”

“Látàárọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó, wọ́n ní kí n lọ kó o lẹ́yìnkùlé. Ike ibẹ̀ kún àpò mi, ó tún ṣẹ́ kù. Ọmọ-ọ̀dọ̀ náà bá mi dì í. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ ilé náà pọ̀. Mo ní mo ti bá a ṣe tòní.

Ní Sátidé, ọ̀gá wo àpò mi, wọ́n wo ojú ọ̀run tó ṣú. “Níbo lo ti rí gbogbo eléyìí?”

Mo ní mo tọrọ ẹ̀ ni. Mo sì padà sábẹ́ páànù mi.