Rọ́bà Tó Gba Ìdodo Lọ Sọ́kàn

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ń yan, ọmọ inú àpótí onígíláàsì ló máa ń wá sí mi lójú. Lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí a bí ọmọbìnrin mi sí n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹnìkan ń yan gàrí. Òórùn kíkan rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń dà pọ̀ mọ́ òórùn oògùn apakòkòrò, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì rọra ń ṣàn lórí ọmọ náà bí omi odò. Oṣù rẹ̀ kò pé kó tó dé. Ó kéré débi pé mo sọ fún ìyá mi pé a ti bí ẹni tí yóò máa sùn nínú fìlà mi.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Nílé tiwa, ìyá àgbà ló ni ìdodo ọmọ tuntun: òun ni yóò máa ṣọ́ ìwọ́ títí yóò fi já, òun náà ni yóò sin ín. Ìyàwó mi ṣì ń sinmi ní wọ́ọ̀dù kejì nígbà tí màmá gúnlẹ̀ láti Ayépé, tó bá dókítà, obìnrin Èkìtì olóhùn jẹ́jẹ́ kan, tó ń ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú ìwọ́ wọlé. Ọmọ kò tíì lè fa ọmú. Ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀, tó wà nínú dírípù tí wọ́n ti gbé kọ́, yóò gbà.

"Dókítà, iṣẹ́ mi lẹ gbà yẹn o."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ yá mi ní ìdodo yìí fúngbà díẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ ṣí dírípù yẹn fún un nígbà náà, ebi ń pa á."

Dókítà mi orí. Ẹnu ọ̀nà ọkàn ló yẹ kí orí rọ́bà náà dé. Bó bá wà níbòmíràn, oúnjẹ náà lè ba ibẹ̀ jẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ síkáànù lé àyà ọmọ, ó wo ojú ẹ̀rọ títí.

"Ó yà sí ẹ̀dọ̀."

Màmá dá sí i: "Ó ṣìnà ni. Ẹ pè é padà."

Dókítà fa ti àkọ́kọ́ jáde, ó fi tuntun sí i. Ó wá ta omi oníyọ̀ díẹ̀ gba inú rẹ̀, kó lè rí i lójú ẹ̀rọ ibi tí orí rẹ̀ já sí. Ọ̀rẹ́ mi, nínú òkùnkùn ojú ẹ̀rọ yẹn, nínú ọkàn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró àgbálùmọ̀ lọ, nǹkan funfun kan tàn yẹ́ríyẹ́rí bí ìràwọ̀ tí wọ́n fọ́n ká.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ó ti délé."

Dírípù bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Màmá jókòó, ó yọ gèlè, ó sùn lọ.

Ìwọ́ náà já nígbẹ̀yìn, màmá sì sin ín sídìí àgbọn l'Áyépé, ó ń sọ fáwọn aládùúgbò pé dókítà Èkìtì mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan tí wọ́n yá padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ní ibi tí a sin ìwọ́ ẹni sí ni ilé ẹni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀nà kejì tó tinú ìdodo yẹn lọ sọ́kàn, a sì wo ibi tó já sí kí oúnjẹ tó gbabẹ̀ kọjá. Ọmọ náà ti ń bá mi jiyàn báyìí. Bí ìfẹ́ bá ń ti mí láti da ìmọ̀ràn tàbí ìbáwí lé e lórí, mo máa ń dúró díẹ̀, kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu ọ̀nà ọkàn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dé, àbí ẹ̀dọ̀ ló yà sí.