Ẹni Tó Yẹ Kó Gbà Gbẹ̀yìn

Bàbá mi ò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé ẹ̀. Alágbẹ̀dẹ páànù ni. Àgbá tó bá ń jò, ìkòkò tí ìdí ẹ̀ bá lu, òrùlé tí ìjì bá ṣí, òun ni gbogbo àdúgbò máa ń wá. Àmọ́ bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa tí ẹ ní alágbẹ̀dẹ páànù lẹ ń wá, ẹ ó rìn títí ẹsẹ̀ á fi ro yín. Bàbá Onínọ́ńbà ni kí ẹ bèèrè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn gan-an á nàka sí ẹnu ọ̀nà wa.

Bọ́ọ̀dù tó wà ní ìpẹ̀kun pápá ìṣeré ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láwọn pápá ẹgbẹ́ olówó, iná mànàmáná ló ń kọ iye góòlù fún wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa gòkè wá sí líìgì àgbà, bàbá mi ni wọ́n bẹ̀ pé kó bá àwọn gé páànù tí wọ́n máa kọ nọ́ńbà sí. Ó gé e, ó kùn ún ní dúdú, ó fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ láti òdo lọ. Kò ṣe mẹ́fà. Ó ní mẹ́fà àti mẹ́sàn-án, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá rí gbá mẹ́fà wọlé fún, kí wọ́n yí mẹ́sàn-án dorí kodò fún un, kójú tì í dáadáa. Wọ́n wá ní kó bá àwọn gbé e kọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, títí àwọn á fi rí ẹni tí yóò máa ṣe é. Wọn ò tíì rí ẹni náà dòní.

Àwa méjì làwọn òbí wa bí: èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, àti àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ aṣọ́lé. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù. Bàbá á ká àkísà tó fi ń nu ọ̀dà pọ̀, á sọ ọ́ láìwẹ̀yìn, ọmọ á sì fò bí ológbò. Èyí tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ á lọ balẹ̀ sínú ìkòkò oníkòkò, ìyá mi á sì bá àwọn méjèèjì jà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dàgbà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di aṣọ́lé kejì ẹgbẹ́ wa, tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wo ẹlòmíì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí líìgì ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, orúnkún aṣọ́lé àgbà yẹ̀. Kóòṣì sọ fún àbúrò mi pé òun ló kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń tún òdo kùn. Àbúrò mi lóṣòó tì í.

Ó ní, "Bàbá, tí bọ́ọ̀lù bá wọlé lọ́wọ́ mi, ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e kọ́?"

"Ta ni kó wá gbé e kọ́? Ìyá ẹ?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀. Bàbá mi rí i. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Gbọ́ mi. Ibi tí mo máa ń dúró jìn sí ọ. Tí ẹ bá ti yí ibùdó padà lẹ́yìn ìsinmi, odindi pápá ló máa wà láàárín wa, ojú mi ò sì rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé lè máa pariwo pé ó ti wọlé. Èmi ò ní gbọ́. Títí rẹfirí á fi na ọwọ́ sí àárín pápá, òdo ni màá fi sílẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó bá wà níbẹ̀, èmi ni màá gbà gbẹ̀yìn pé ó wọlé."

Ìyá mi pè wọ́n láti inú ilé pé kí wọ́n wá jẹun, pé òdo ò yó ẹnikẹ́ni rí.

Ìbẹ̀rẹ̀ líìgì yẹn dùn débi pé ó yẹ ká ti fura. Àwọn àlejò á wá, wọ́n á gbá a, wọ́n á gbá a tì, àbúrò mi á máa mú un bí ẹni ń ká ọsàn. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Gọ́ọ̀mù, torí bọ́ọ̀lù ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ìdajì kejì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó wá kọjú sí bọ́ọ̀dù lókèèrè, á gbé ìbọ̀wọ́ sókè, bàbá mi á sì fi ìkúùkù gbá òdo náà lẹ́ẹ̀kan, gbàm. Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù kankan ò bá wọlé, òdo náà á bá bàbá mi bọ̀ wálé, á fi í kọ́ ara ògiri yàrá àlejò títí di ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ míì. Ìyá mi ní àwọn ẹlòmíì ń fi àwòrán ọmọ wọn kọ́ ògiri, ọkọ tòun ń fi àìsí-nǹkan kọ́ ọ. Ìyá mi kì í lọ sí pápá ní tiẹ̀. Ó ní tóun bá fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń sọ̀kò lu ọmọ òun, òun ò ní sanwó ìwọlé.

Kí líìgì tó dé ìdajì, àwọn ẹgbẹ́ olówó wá, wọ́n kó gbogbo ẹni tó ń dúró níwájú àbúrò mi lọ. Ó wá ku òun nìkan pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá lọ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá bọ̀. Góòlù wá ń rọ̀ bí òjò. Lọ́jọ́ tí bàbá mi yí mẹ́sàn-án dorí kodò fún ọmọ bíbí inú ẹ̀, gbogbo pápá ló rẹ́rìn-ín, àwọn tó mọ̀ wá náà rẹ́rìn-ín. Gọ́ọ̀mù di Ajẹ̀rẹ̀. Oníbàárà mi kan sọ orúkọ yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó tiẹ̀ ń dápàárá. Mo ká aṣọ ẹ̀ fún un láìgé, mo ní ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ náà ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ṣì ń dúró de rẹfirí. Mo gbọ́dọ̀ fi èyí yìn ín. Àwọn èèyàn á bú u láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá Onínọ́ńbà, ṣé ẹ ti sùn ni? Ẹ gbé e kọ́ jàre!" Rẹfirí ló máa ń wò. Tí àbúrò mi bá dé sílé, á jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá mi á bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa àwọn góòlù tó wọlé.

"Èwo lo lè mú níbẹ̀?"

Ọmọ náà á rò ó. Kò parọ́ rí. "Ọ̀kan, bàbá. Ìkejì yẹn."

"Ó dáa. Ọ̀kan yẹn nìkan la máa bínú sí. Ìyókù, ti àwọn tó gbá a ni."

Àbúrò mi á dìde, á lọ wẹ̀, á sì jẹun. Mo rò pé ìbéèrè yẹn ló gbé e dé òpin líìgì. Kóòṣì ò fún un ní nǹkan kan tó jọ ọ́.

Àmọ́ nǹkan ti ń yí padà lọ́wọ́ bàbá mi, bóyá òun alára ò mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìsàlẹ̀ àkàbà tó ń gùn dé bọ́ọ̀dù ló máa ń kó àwọn nọ́ńbà yòókù sí. Tí góòlù bá wọlé, á sọ̀ kalẹ̀ wá mú èyí tó bá fẹ́. Nígbà tó yá, ó ń kó wọn gòkè lọ sórí pákó tó máa ń dúró lé. Nígbà tó tún yá, ó ń di ọ̀kan mú lọ́wọ́. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún ni, pé kò fẹ́ máa gun àkàbà léraléra.

A dé ọjọ́ ìkẹyìn. Tí a bá ta ọ̀mì, a dúró sí líìgì àgbà. Tí wọ́n bá nà wá, a já sí ìkejì. Kóòṣì ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ pé tí a bá já, aṣọ́lé ló já wa, kò sì ní wọ ìbọ̀wọ́ fóun mọ́. Àbúrò mi ò lè jẹun láàárọ̀ yẹn. Ìyá mi pa rédíò, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Abẹ́ bọ́ọ̀dù ni mo jókòó sí, nítorí pé níbẹ̀ ni èébú ò pọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ kọjá, kò sí góòlù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì, àbúrò mi gbé ìbọ̀wọ́ sókè láti òpin pápá. Bàbá mi gbá òdo, àmọ́ ọwọ́ òsì ló fi gbá a. Mo gbójú sókè. Nọ́ńbà oókan wà ní abíyá ọ̀tún ẹ̀, ó há a mọ́ra bí ẹni tó gbé ìwé lọ sílé ìwé.

Eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Àbúrò mi fò, ìka ẹ̀ kàn án. Bọ́ọ̀lù ba òpó òkè, ó já lulẹ̀ sórí ìlà, ọmọ náà sì dà bò ó. Àwọn àlejò ti ń sá kiri, wọ́n na ọwọ́ sókè. Àwa di orí mú. Rẹfirí wo ẹni tó mú àsíá létí ìlà. Ẹni yẹn ò mira. Rẹfirí juwọ́ pé kí eré máa lọ.

Kò wọlé. Ó mú un.

Àmọ́ kí rẹfirí tó juwọ́, mo ti gbọ́ ìró páànù lórí ìkọ́, lókè orí mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ líìgì, ìró yẹn kì í dé àfi lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti pariwo tán. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló kọ́kọ́ dé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Àbúrò mi gbórí sókè nílẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà láyà ẹ̀. Kò wo rẹfirí, kò wo ẹni tó mú àsíá. Bọ́ọ̀dù ló wò. Oókan ló wà níbẹ̀, funfun, bàbá mi sì dúró tì í.

Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ yọ ọ́! Kò wọlé!" Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi fà á, páànù náà há sórí ìkọ́, ó pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tí òdo fi padà sáyè ẹ̀, àbúrò mi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fà á dìde.

A ta ọ̀mì. A dúró sí líìgì àgbà. Wọ́n gbé àbúrò mi sórí èjìká, wọ́n ń pè é ní Gọ́ọ̀mù, àwọn tó ń pè é ní Ajẹ̀rẹ̀ ló sì pariwo jù. Wọ́n gbé e kọjá lábẹ́ bọ́ọ̀dù. Bàbá mi na ọwọ́ sí i láti òkè. Àbúrò mi ń wo orí àwọn tó gbé e.

Ilé wa kún lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí àwọn èèyàn lọ tán ni àbúrò mi wá jókòó sórí àpótí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá mi wò ó títí. Mo rò pé kò rí ọ̀rọ̀ míì mú ni, ló bá bi í ní èyí tó mọ̀.

"Èwo lo lè mú níbẹ̀?"

"Ẹyọ kan ló wá, bàbá. Mo mú un." Ó ń tú okùn bàtà ẹ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa gbà gbẹ̀yìn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbínú ì bá sàn. A mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí ìbínú nílé wa. Àbúrò mi dìde, ó lọ wẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi sọ fún mi láìjẹ́ pé mo bèèrè. Ó ní, "Ojú mi kọ́ ló ṣe é. Mi ò tiẹ̀ rí bọ́ọ̀lù yẹn. Ọkàn mi ló ti gbé e kọ́ kí wọ́n tó gbá a." Ó wá sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ ohun tí bàbá mi rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ kí bàbá ẹnikẹ́ni rí i.

Ẹgbẹ́ kan tó jìnnà wá mú àbúrò mi kí líìgì míì tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ṣe àpótí páànù kan fún un tó máa kó ìbọ̀wọ́ sí, ó dán an títí ó fi ń dán bíi dígí. Àbúrò mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Ó ń pè wá dáadáa. Ó ń bèèrè orúnkún bàbá, ó ń bèèrè iṣẹ́. Ọmọ gidi ni, kò fi ohunkóhun du àwọn òbí wa. Kò kàn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú bàbá mi mọ́, bàbá mi ò sì lẹ́nu láti bi í.

Bàbá mi ṣì ń gun àkàbà. Òdo ò bá a wálé mọ́. Aṣọ́lé tuntun ò mọ̀ ọ́n, kì í gbé ìbọ̀wọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Tí góòlù bá wọlé báyìí, rẹfirí á ti nawọ́, wọ́n á ti gbé bọ́ọ̀lù sí àárín, eré á ti tún bẹ̀rẹ̀, òdo á ṣì wà lókè. Àwọn ọ̀dọ́ ní arúgbó ti ń ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí rédíò ń sọ bí ẹgbẹ́ àbúrò mi ṣe ń gbá a. Ìyá mi náà wà níbẹ̀; òun ló ń tan rédíò báyìí. Ọkùnrin inú rédíò fi igbe ta pé góòlù, pé ó ti kọjá àbúrò mi. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi ò gbójú kúrò lára ìkòkò tó ń tún ṣe.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró de rẹfirí."

Rédíò ka iye góòlù. Ó tún un kà. Bàbá mi gbé òòlù dání, kò sọ ọ́ kalẹ̀, èmi àti ìyá mi sì bá a dúró.