Wáyà Inú Koríko

Ajá kan ló kọ́ mi pé ìtìjú lè jí ènìyàn láàárọ̀ kí àkùkọ tó kọ.

Ajá òyìnbó ni. Oko màlúù ìjọba kan tí kò jìnnà sí wa ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a sì ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Adégbayì, lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ń padà sílùú rẹ̀, ó fa ajá náà lé ọkọ mi lọ́wọ́. Inú ọkọ mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo bi í pé kí ni ajá náà yóò máa jẹ, ó ní ohun tí àwa náà bá ń jẹ ni. Mo ní bó bá ti lè jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran, kó máa bọ̀.

Ẹ̀yìnkùlé wa ló kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà. Opó ni wọ́n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, ọkọ wọn tó ti dolóògbé ló sì fún wa nílẹ̀ tí a kọ́lé sí. Kò sí ọgbà láàárín wa. Ta ni yóò ṣọgbà sí aládùúgbò rẹ̀ lábúlé láyé ìgbà yẹn? Koríko ló wà níbẹ̀, àti ọ̀nà tóóró kan tí ẹsẹ̀ wọn ti là sáàárín rẹ̀.

Ẹsẹ̀ wọn ni mo wí, nítorí àwọn ni wọ́n ń wá sọ́dọ̀ wa jù. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó relé ọkọ, ẹsẹ̀ dídùn kò sì jẹ́ kí ìyá ọkọ mi lè rìnrìn àjò. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ọmọbìnrin, Ìyá Àgbà kò dúró kí n bẹ àwọn. Wọ́n rọra gbé ìkòkò omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ dé ẹnu ọ̀nà mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́. Wọ́n á fi òrí ra gbogbo ara rẹ̀, wọ́n á na apá, wọ́n á na itan, wọ́n á gbé e jù sókè díẹ̀ kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Wọn kò mú agbo wá rí. Wọ́n mọ̀ pé ìjọ Aládùúrà tí a ń lọ kò fẹ́ kí á lò ó, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ náà fa ìjà pẹ̀lú mi. Bí mo bá dúpẹ́, wọ́n á ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹni tó ń ṣe èyí fún mi ni ajá wa lọ dójú tì mí lọ́dọ̀ wọn.

Wọ́n ń kírun àárọ̀ lórí awọ àgùntàn wọn, èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń rin orín. Ajá náà sáré kọjá lára mi, ó gba ọ̀nà tóóró yẹn, ó fi imú ti ìdérí búùtà tí wọ́n fi ń ṣàlùwàlá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá omi inú rẹ̀. Mo rí i. Mo mọ̀ pé àwọn náà rí i. Wọn kò já ìrun náà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n da omi náà nù, wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi fọ búùtà náà ní àfọ̀túnfọ̀ bí ẹ̀sìn wọn ṣe pa á láṣẹ. Mo ti kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, orín ṣì wà lẹ́nu mi. Wọ́n kàn ní ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ àlejò yín. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ìbá tù mí.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, mo bá ajá náà lórí awọ àgùntàn wọn, ó sùn, ó na ẹsẹ̀ bí onílé. A so ó, ó jẹ okùn. A fi ṣéènì so ó, ó ń hu títí ọmọ fi ń jí. Ọkọ mi máa ń súfèé pè é bí ọdẹ, kò jẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tiwa kò gbọ́ fèrè, kò sì tún sọnù.

Ọkọ mi ló wá ronú kan ohun tí wọ́n ń lò fún màlúù ní oko wọn. Ó gbé àpótí irin kékeré kan wálé, èyí tí wọ́n ti pa tì, àti bátìrì mọ́tò kan. Ó ta wáyà tín-ín-rín kan sínú koríko láàárín ilé wa àti ti Ìyá Àgbà, ó fi ìdí rẹ̀ kan àpótí náà lábẹ́ fèrèsé. Àpótí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kì, kì, kì. Ó ní iná ń gba inú wáyà náà kọjá díẹ̀díẹ̀, kò lè pa ènìyàn, yóò kàn ta ajá nímú ni, ajá á sì mọ ibi tí àgbàlá rẹ̀ parí sí. Ó ní kí ajá lè tètè mọ̀ ọ́n, a gbọ́dọ̀ fi àmì sí i. Ó ya aṣọ funfun mi kan tó ti gbó, ó so ó mọ́ àwọn igi kéékèèké, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ abúlé, ẹ ti mọ ohun tí ojú rí. Àkísà funfun lórí igi, nǹkan kan ń dún nínú àpótí bí ẹni tó ń mí, ajá dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan, ó ké, ó fò sẹ́yìn, ó ki ìrù bọ itan. Kí ni ará abúlé ì bá pè é bí kò ṣe ààlè? Èèyàn máa ń pa ààlè sí oko kí olè má baà wọ̀ ọ́. Ta ni olè tí àwa ń pa ààlè dè lẹ́yìnkùlé ara wa? Ọkọ mi, tó jẹ́ pé òun ló ń gbàdúrà tako oògùn ní ilé ìsìn, kò tilẹ̀ ronú dé ibẹ̀. Ṣáínsì nìkan ló ń rí.

Àwọn obìnrin tó máa ń wá bu iná lọ́dọ̀ mi kò wá mọ́. Bí mo bá dé ìdí omi, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ìyá Àgbà nìkan ló ń wá. Ọkọ mi ti ṣàlàyé fún wọn pé iná òyìnbó ni, wọ́n sì ti gbọ́, àmọ́ iná tí wọ́n mọ̀ ni èyí tó ń jó. Wọ́n á wo àkísà yẹn, wọ́n á gba ìpẹ̀kun rẹ̀ yí ká, wọ́n á sì wá wẹ ọmọ.

Ọjọ́ tí alàgbà ìjọ wa wá bẹ̀ wá wò, tó dúró lẹ́yìnkùlé, tó ń wo àkísà náà tí kò lè jókòó, ni mo gbaná jẹ. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó tú àkísà yẹn kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní ó kù díẹ̀ kí ajá mọ̀ ọ́n. Mo ní kí ajá mọ ohun tó bá wù ú, èmi kò lè gbọ́ kí wọ́n máa pe ilé mi ní ilé olóògùn. Ó fa gbogbo igi náà tu, ó sì fi wáyà sílẹ̀. Ó ní ajá ti fi imú mọ ibẹ̀, kò nílò àmì mọ́. Ajá nìkan la ń rò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì pọ̀ nílẹ̀. Ìyá Àgbà ti kírun tán, omi àlùwàlá kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọn kò rí àkísà. Wọ́n rò pé ohun náà ti lọ. Wọ́n gbé ìkòkò omi ọmọ mi, wọ́n sì gba ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn là.

Mo gbọ́ tí ìkòkò fọ́. Mo gbé ọmọ, mo sáré jáde. Wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú koríko, ìró wọn tutù, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di àtẹ́lẹsẹ̀ kan mú. Ajá náà dúró lápá ọ̀dọ̀ wa, ó ń ju ìrù sí wọn. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo ibi tí àkísà wà lánàá, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

“Ìyàwó, ṣé torí búùtà yẹn ni?”

Mo ní, “Rárá o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ajá la ṣe é fún.”

“Ajá mọ ibi tó wà,” ni wọ́n wí. “Èmi ni ẹ kò jẹ́ kí n mọ̀.”

Mo na ọwọ́ sí wọn, wọn kò gbà á. Wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n gbọn koríko kúrò lára ìró, wọ́n padà sílé. Ojú tì mí débi pé n kò lè pe orúkọ Ọlọ́run.

Ọkọ mi tú wáyà lọ́jọ́ náà, ó dá àpótí padà sí oko. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó gbé wáyà náà dání, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n rí i pé irin lásán ni. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ó ti tán, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Wọn kò bínú, mo lè búra. Àmọ́ wọn kò gba ẹ̀yìnkùlé mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá gbé wọn wá, wọ́n á gba ojú títì yí ká, wọ́n á dúró níwájú ilé, wọ́n á ní “Àgò o” bí àlejò. Èmi ló wá ń gbé ọmọ lọ bá wọn láràárọ̀. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á nà án, wọ́n á gbé e jù sókè, èmi á jókòó tì wọ́n, n kò ní mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ajá náà kò kọjá ibẹ̀ mọ́ láéláé. Bí mo bá gbé ọmọ kọjá, yóò tẹ̀ lé wa dé ibi tí wáyà wà tẹ́lẹ̀, yóò dúró, yóò máa sunkún ní imú. Koríko hù, ọ̀nà tóóró yẹn sì ń parẹ́.

Ọmọ mi fi ajá náà kọ́ ìrìn. Yóò di irun ọrùn rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì á jọ máa yí àgbàlá ká. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń sá aṣọ, ó fi ajá sílẹ̀, ó ń dá rìn, ó kọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà. Wọ́n rí i láti ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n na apá méjèèjì.

“Máa bọ̀, ìyá mi. Máa bọ̀ wá.”

Ó rìn dé ibi tí ajá máa ń dúró sí, òun náà sì dúró. Ajá wá dúró tì í. Wọ́n tún pè é. Ó na ọwọ́ sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò gbẹ́sẹ̀. Ta ló sọ fún un? N kò bá a sọ ọ́ rí. Kò tíì ju ọmọ tí a ń pọ̀n lọ nígbà tí wáyà wà níbẹ̀.

Aṣọ tútù wà lọ́wọ́ mi, n kò lè gbéra. Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọnú koríko, wọ́n ń bọ̀ tààrà. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ká ìró wọn sókè, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ga dé orúnkún, wọ́n rọra fò ó kọjá, níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Wọ́n gbé ọmọ mi. Wọ́n yíjú padà, wọ́n tún gbé ẹsẹ̀ ga bákan náà, wọ́n sì gbé e lọ.