Ìlà Àwọn Àgbà ní Ìwáyà

Àwọn ará Ìwáyà kì í wá sí ọsibítù wa ní Sùúrùlérè àfi nígbà tí ẹ̀pa kò bá bóró mọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀, ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá, tó sì ń fọ Gẹ̀ẹ́sì, kíá la ó ti fún un ní àga. Ìyá arúgbó tó bá fẹsẹ̀ rìn wá, tí òórùn ẹja yíyan wà lára rẹ̀, a ó jágbe mọ́ ọn pé kó sún sẹ́yìn. Èmi náà jágbe rí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́.

Lọ́dún tí àwọn ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún títì, mátíróònù wa, ọ̀gá àwa nọ́ọ̀sì, ní ó tó gẹ́ẹ́: bí wọn kò bá wá bá wa, a ó lọ bá wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọsibítù ṣe ń gbé èmi, dókítà ọ̀dọ́ kan àti àpótí oògùn lọ sí kíláàsì ilé ìwé kan tó kọjú sí ọ̀sà ní Ìwáyà, ní gbogbo Ọjọ́rú.

Orí mi wú. Mo pinnu pé níbí yìí, ẹnikẹ́ni kò ní fojú àgbà gbolẹ̀. Mo to bẹ́ǹṣì: àwọn àgbà níwájú, àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi; nílé wa, ẹni tó bá ṣáájú àgbà bu omi mu ti dáràn. Àwọn màmá ń ṣúre fún mi, pé ọmọ á tọ́jú mi, pé n kò ní fẹsẹ̀ kọ. Ìwúre náà ń dùn mọ́ mi. Dókítà sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kí n máa kọ́kọ́ yẹ àwọn ọmọdé wò. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n nínú mi mo ní ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó ni, kò mọ àṣà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan pọn ọmọ wọlé. Mo bi í pé kí ló ṣe ọmọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ó ń yàgbẹ́ gbuuru látàná ni, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ó ti sùn báyìí."

"Jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, kí àwọn màmá kọ́kọ́ rí dókítà."

Ó lọ jókòó. Mo tilẹ̀ gbóhùn sókè yìn ín, kí gbogbo wọn gbọ́, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Ọmọ tó pọ̀n kò sunkún rárá. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó ta mí lólobó.

A wo orúnkún, a wo ẹ̀yìn ríro, a wo bàbá kan tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é ju pé ó fẹ́ bá ẹnìkan tàkúrọ̀sọ. Ìyá arúgbó kan tó ń ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀ ló dúró kí ọmọbìnrin náà, tó sì fọwọ́ kan orí ọmọ. Ó fi igbe ta.

"Ha! Àwùjẹ̀ ọmọ yìí ti jìn! Gbogbo àwa àgbà tá a jókòó kalẹ̀ síbí, orí ọmọ tuntun ń wọ́ lójú wa!"

Mo sáré débẹ̀. Ojú ọmọ náà ti wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ. A gbé e sínú ọkọ̀, ó di Sùúrùlérè. Mo di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n fa omi sí ọmọ náà lára. Ẹ̀pa kò bóró. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi dákẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, tí mò ń fọwọ́ kan orí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó rí dókítà. Àwọn àgbà kò janpata, àwọn gan-an ló ń pè mí, "Nọ́ọ̀sì, wá wo eléyìí ná." Ọ̀pọ̀ ọmọ yè. Mátíróònù ní kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọsibítù náà, ó sì yìn mí lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè dúpẹ́.

Ó ṣe díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tó tún yọ. Kò pọn ọmọ. Ó dúró dè mí títí a fi ń palẹ̀ mọ́.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo pa ọmọ, torí mi ò pariwo. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó ti ń ru ẹ̀bi mi kiri láti ọjọ́ yìí, èmi sì ń gba ìyìn.

"Rárá o," mo ní. "Èmi ni mo ní kó o jókòó sẹ́yìn. O gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni."

Ó tún kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi sọ ọ́ fún wọn nílé."

Mo ṣí fìlà nọ́ọ̀sì mi, mo sì tẹ̀ lé e.