Ìṣirò Tí Brenna Gbójú Lé

Kò sí ohun tí Corinne ṣe tí kì í ta Brenna lára. Yàrá kan náà ni wọ́n ń gbé nílé ẹ̀kọ́ ní Ohio, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ di dókítà eyín. Brenna gba A nínú iṣẹ́ ìṣirò mẹ́rin, ló bá ń fi Corinne tó ń kọ́ nípa kòkòrò ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá eléèrà, ṣé eèrà náà ní eyín ni?"

Ọjọ́ tí wọ́n jọ kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín ni àṣírí tú: àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀ kì í ka ìṣirò mọ́ máàkì sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka ẹ̀kọ́ kòkòrò mọ́ ọn. C tí Brenna gbà nínú kẹ́mísírì wá wọ́ máàkì rẹ̀ nílẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyá oníṣirò." Corinne bú sẹ́rìn-ín.

Brenna tẹjú mọ́ eyín Corinne tó funfun báláú. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ wù ú tọkàntọkàn láti yọ eyín èèyàn, láìfún olúwarẹ̀ lábẹ́rẹ́.