Ewé tí Màrdíyyàh Fi Gba Máàsítà

N kò ní dárúkọ ewé náà. Mo mọ̀ yín. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹnìkan yóò ti sè é, yóò sì máa sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé inú ìwé lòun ti kà á. Ẹ jẹ́ kó tó yín pé ewé ni, pé ó korò, pé àwọn àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìjàgbò máa ń já a fún ẹni tó ní àìsàn ṣúgà, àti pé òun ni Màrdíyyàh, ọmọ Tàjùdéèn aránṣọ, fi gba oyè máàsítà nínú ẹ̀kọ́ famakọ́lọ́jì.

Ká sọ tòótọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀hún jẹ́ ní àdúgbò wa lẹ́bàá rélùwéè l'Ọ̀fà. Ẹni tí orí bá ń fọ́, ilé Tàjùdéèn ló ń gbà lọ láti béèrè Panadọ́ọ̀lù. Màrdíyyàh á ní òun kì í ta oògùn, òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì, òun kì í sì í ṣe dókítà. Pé ohun tí àwọn ń kọ́ ni bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, ibi tó ń gbà wọlé, ohun tó ń ṣe níbẹ̀, àti ìgbà tó ń di májèlé. Wọ́n á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, "Ó dáa, fún wa ní ti ikọ́ nígbà náà." Ó ti sú u. Ohun tó ń lé ni iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, tàbí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé. Kò sí èyí tí wọ́n á fún un nínú méjèèjì láìsí máàsítà.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò tọrọ oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí Tàjùdéèn ti ní àìsàn ṣúgà. Egbò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè tẹ maṣíìnì bó ṣe yẹ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn, kò sì pa á jẹ rí. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe egbò. Ààwẹ̀ ni. Dókítà ti ní kò gbọdọ̀ gba Rámádàánì mọ́, kó máa bọ́ tálákà dípò rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Ọlọ́run gbà, ṣùgbọ́n Abdulwasiu kò gbà. Abdulwasiu ajórin ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Tàjùdéèn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìjánu. Bí Rámádàánì bá ti wọlé, á dúró síta lọ́sàn-án gangan, á fi oríkì Tàjùdéèn kígbe pè é pé, "Àjàní, ṣé ọbẹ̀ ti jiná? Àwa ọkùnrin ń gbààwẹ̀ o!" Gbogbo òpópónà á bú sẹ́rìn-ín. Tàjùdéèn á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì lọ jẹun lẹ́yìn kọ́tìnì bí olè. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àwàdà láàárín wa.

Nítorí bàbá yìí ni Màrdíyyàh fi mú ewé yẹn. Dókítà Akínwándé, obìnrin tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, fẹ́ kó mú nǹkan mìíràn, ó kọ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, Asiata, ló ń sá ewé náà síbi òjìji lẹ́yìnkùlé. Asiata á gún un, á kù ú, á da ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú ike ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màrdíyyàh á bu ìwọ̀n tó fẹ́ lò, á wọ bọ́ọ̀sì lọ bá àwọn èkúté funfun rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó ti dá àìsàn ṣúgà sí wọn lára, ó wá pín wọn: àwọn kan ń mu omi lásán, àwọn kan ń mu ewé, àwọn kan ń mu oògùn ilé ìwòsàn, irú èyí tí bàbá rẹ̀ ń lò gan-an, àwọn tó kù ń mu ewé àti oògùn pọ̀.

Ṣúgà ara àwọn tó ń mu ewé nìkan wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí Màrdíyyàh rí i, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó pariwo wọlé pé, "Bàbá, ewé yẹn ń ṣiṣẹ́ o!" Asiata jó. Tàjùdéèn kò sọ púpọ̀, ó kàn ní, "Ọlọ́run ṣeun," ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò pẹ́ sí i, àwọn tó ń mu méjèèjì pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ṣúgà ara wọn já wálẹ̀ bí garawa tí okùn rẹ̀ já nínú kànga. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n dákẹ́. Dókítà Akínwándé yọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó yọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó tíì kọ irú rẹ̀ nípa ewé náà. Ó pe Màrdíyyàh sínú ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Má sọ èyí fún ẹnikẹ́ni títí o fi máa ṣe sẹ́mínà," ló wí. "Ì báà ṣe ọ̀rẹ́, ì báà ṣe ará ilé. O mọ bí wọ́n ṣe ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ gbé níbí."

"Mo gbọ́, Ma."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ìyẹn ló burú. Ọmọ tó pariwo ìròyìn ayọ̀ délé kò mẹ́nu ba èyí tó kù rárá. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè àwọn èkúté, á ní, "Wọ́n wà, Ìyá." Kò sí ẹni tó fẹ́ jí iṣẹ́ gbé nílé Tàjùdéèn aránṣọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀mọ̀wé kì í sọ àbájáde rẹ̀ síta, ó sì fẹ́ di ọ̀mọ̀wé.

Nígbà tí Rámádàánì kù díẹ̀ kó wọlé, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlọrin láti múra sẹ́mínà. Nígbà náà ni Tàjùdéèn pe ìyàwó rẹ̀.

"Asiata, mo fẹ́ gbààwẹ̀ lọ́dún yìí."

"Pẹ̀lú àìsàn ara yín yìí, Bàbá Màrdíyyàh?"

"Ewé ọmọ wa wá ńkọ́? Ṣebí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé ó ń ṣiṣẹ́? Máa bá mi bu ṣíbí méjì sínú ẹ̀kọ sààrì mi. Má tíì sọ fún un, á ní ti ìwé ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Tí a bá ṣọdún tán, màá sọ ọ́ fún un fúnra mi. Inú rẹ̀ á dùn."

"Oògùn dókítà ńkọ́?"

"Màá máa lò ó mọ́ ọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Asiata nífẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ní gbogbo sààrì, á bu ìyẹ̀fun náà, á pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, á gbé e fún un, á kó oògùn rẹ̀ tì í, á dúró tì í títí á fi mu ún tán. Tó bá di ọ̀sán, òógùn á bo Tàjùdéèn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó ní ebi ààwẹ̀ ni, ó ti pẹ́ tóun ti gbà á kẹ́yìn. Abdulwasiu na ọwọ́ sí i níwájú mọ́sáláṣí, ó ní, "Àjàní, ìwọ náà ti di ọkùnrin!" Ẹ ò lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ní Ìlọrin, Màrdíyyàh ń pè sílé, ó ń béèrè bàbá rẹ̀, Asiata sì ń fi ẹ̀rín dáhùn pé, "Ara rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbájú mọ́ ìwé rẹ." Ọmọ náà sì gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ sẹ́mínà, aṣọ ọdún kún ṣọ́ọ̀bù Tàjùdéèn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n kírun àìlà tán, ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ó ń bú Abdulwasiu láìnídìí, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tó mutí. Abdulwasiu rò pé àwàdà ni, ó ń bú u padà. Ìgbà tí orí Tàjùdéèn gbá lu maṣíìnì ni wọ́n tó sáré wọlé. Òógùn ti rin bùbá rẹ̀ gbìndìn.

Màmá Roseline, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, tó ń ta mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbé ìgò Fáńtà kan sáré wá. Àbúrò rẹ̀ ní àìsàn yìí, ó sì ti rí ibi tí wọ́n ti fún un ní nǹkan dídùn tó fi lajú.

"Ẹ jẹ́ kó mu èyí!"

Abdulwasiu gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Màmá! Ẹni tí ṣúgà ń ṣe, ẹ tún fẹ́ da ṣúgà sí i lẹ́nu? Ẹ fẹ́ pa á ni? Ó sì ń gbààwẹ̀! Ẹ má ba ààwẹ̀ onítọ̀hún jẹ́ fún un."

"Mo rí i lára àbúrò mi ni..."

"Màmá, ẹ ṣeun."

Màmá Roseline wo ojú àwọn tó dúró, ó rí i pé òun nìkan ni kì í ṣe Mùsùlùmí níbẹ̀. Ó padà sídìí mínírà rẹ̀. Wọ́n ń da omi sí Tàjùdéèn lórí, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà, ìgò Fáńtà sì wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, wọn ò ṣí i. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, orí Tàjùdéèn sì wọ́.

Ní Ìlọrin, Màrdíyyàh dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó ti pa fóònù. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé bí ọ̀rọ̀ àwọn èkúté yìí bá ṣẹlẹ̀ sí èèyàn, kí ni ẹni tó wà nítòsí á rí?

"Onítọ̀hún á làágùn, sà," ló wí. "Á máa gbọ̀n. Á máa sọ ìsọkúsọ bí ọ̀mùtí. Lẹ́yìn náà, á dákú."

"Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe?"

"Kí wọ́n fún un ní ṣúgà kó tó dákú, sà. Mínírà lásán lè gbà á là. Kò dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ dókítà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé Tàjùdéèn dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ lọ́mọ ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó ní, "Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣúgà lára bàbá yìí mọ́. Ẹ ò fún un ní nǹkan dídùn kankan?" Wọ́n ṣì ń wá iṣan tí wọ́n á fi omi sí nígbà tí ó kú.

Màrdíyyàh tan fóònù láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun yege. Ìyá rẹ̀ ló gbé e, ó ní, "Máa bọ̀ nílé." Wọn kì í túfọ̀ lórí fóònù. Mùsùlùmí kì í sì í fi òkú pamọ́. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Ọ̀fà, àwọn ọkùnrin ti ń bọ̀ láti itẹ́ òkú pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ bó ṣe ṣe bàbá rẹ̀ fún un, ó wọ yàrá, ó fa ike jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Asiata dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún.

"Ṣíbí méjì ni mo ń bù fún un. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Àbí ó kéré jù ni?"

Màrdíyyàh dé ike náà. "Kò kéré, Ìyá," ló wí.

Dókítà Akínwándé wá kí wọn. Ó jókòó sórí ẹní, ó bá wọn ṣe àmín, ó sì bá Màrdíyyàh jáde síta. "Tí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ló wí. "Èkúté lo fi ṣe tìẹ. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ ti èèyàn. Ojú ìwé kan péré ni. Níbi tí wọ́n ti ń gba olùkọ́, wọn ò ní rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì." Ọmọ náà kọ̀, ó kọ̀, ó wá kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ káàánú rẹ̀. Èmi bínú sí i, n kò sì tíì bínú tán. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin kan, aránṣọ, tó ń gbààwẹ̀. Pé ìyàwó rẹ̀ ló ń pò ó fún un lójoojúmọ́. Pé àwọn tó wà nítòsí kò fún un ní ṣúgà. Kò dárúkọ wọn, nítorí òfin wọn ni pé a kì í dárúkọ aláìsàn. Ojú ìwé yẹn ni wọ́n yìn jù. Yunifásítì kan ti gbà á síṣẹ́ olùkọ́ báyìí.

Lọ́jọ́ tó gbé ìwé náà wálé, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, wọ́n fi wúrà kọ orúkọ sí i, Asiata nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kó tó gbà á. Kò mọ̀wé.

"Ṣé orúkọ bàbá rẹ wà níbẹ̀?"

Màrdíyyàh ṣí iwájú ìwé fún un, níbi tó ti kọ ọ́ pé nítorí bàbá òun lòun fi ṣe iṣẹ́ náà.

"Èmi ńkọ́? Èmi ni mo gún ewé. Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

"Ẹ wà níbẹ̀, Ìyá."

"Ṣí i kí n rí i."

Ibì kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ wà, lójú ìwé tí wọ́n yìn jù yẹn. Màrdíyyàh ṣí i fún un. Asiata gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ìwé náà, ó dijú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun wúlò.