Àǹtí Tó Ń Gbá Họ́kì

Bọ́ọ̀lù tó ń dún gbà-gbà lára ògiri ilé kejì ló máa ń jí mi ní Lugbe nígbà yẹn. Àǹtí kan tó ń gbá họ́kì fún Nàìjíríà ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, níwájú góòlù. Bí a bá bi í bóyá ó ti gbá góòlù wọlé rí, á rẹ́rìn-ín.

“Tèmi ni pé kí àwọn yẹn má gbá a wọlé.”

Lọ́dún kan, ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ lọ sí ìdíje òkè òkun mọ́. Ó lọ. Kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù, ó mú ọmọbìnrin wọn lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí Àǹtí dé, mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo bá a tó jókòó lórí báàgì rẹ̀ nínú pálọ̀ tó ṣófo.

“Àǹtí, ẹ pe ọkọ yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n.”

“Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní gbá a mọ́.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Mi ò lè purọ́ fún wọn.”

Ọmọ náà kò padà wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tún pe Àǹtí sí káǹpù, èmi ló fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè fún.